Buster Keaton Nínú Fíìmù Tí Wọ́n Fi Polówó Ilé: Ìbéèrè Tó Ń Tún Ara Rẹ̀ Bí, àti Ìdáhùn Wọn

Fíìmù wo gan-an lẹ ń sọ?

*The Home Owner* ni. Ọdún 1961 ló jáde, wọ́n sì ṣe é láti fi polówó Maryvale, èsítéètì ńlá kan tí John F. Long ń kọ́ ní apá ìwọ̀-oòrùn ìlú Phoenix, ní ìpínlẹ̀ Arizona, ní Amẹ́ríkà. Buster Keaton ni gbajúmọ̀ tí wọ́n gbé síwájú nínú rẹ̀. Kì í ṣe sinimá tí èèyàn ń ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ wò. Akọ́lé ló sanwó rẹ̀, ilé ló sì fẹ́ tà.

Bí ẹ bá wá a láàárín àwọn sinimá gígùn Keaton, ẹ ò ní í rí i. Abẹ́ fíìmù ìpolówó tàbí fíìmù ilé-iṣẹ́ ni wọ́n máa ń kọ ọ́ sí.

Ta ni Buster Keaton?

Piqua, ní ìpínlẹ̀ Kansas, ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá, ọdún 1895. Òṣèré orí ìtàgé alárìnkiri ni bàbá àti ìyá rẹ̀, ó sì wà lórí ìtàgé pẹ̀lú wọn láti kékeré. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí bàbá rẹ̀ máa gbé e sọ síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ẹrù, kí àwọn òǹwòran máa rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ló ti kọ́ bí èèyàn ṣe ń ṣubú láìfarapa, àti pé bí òun bá rẹ́rìn-ín, òǹwòran ò ní í rẹ́rìn-ín mọ́. Ojú dídì yẹn, tí kì í rẹ́rìn-ín tí kì í sunkún, ló bá a dé ọjọ́ ikú.

Ó wọ inú sinimá ní 1917 lọ́dọ̀ Roscoe Arbuckle, òṣèré apanilẹ́rìn-ín. Láti 1920 sí 1928 ló ṣe àwọn iṣẹ́ tí wọ́n fi ń pè é ní ọ̀gá: *One Week*, *Sherlock Jr.*, *The Navigator*, *The General*, *Steamboat Bill, Jr.* Ní 1928 ó fọwọ́ síwèé pẹ̀lú MGM, ilé-iṣẹ́ sinimá ńlá, agbára lórí iṣẹ́ ara rẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì lé e ní 1933. Ó kú ní ọjọ́ 1 oṣù kejì, ọdún 1966.

Ṣé “home owner” kì í ṣe láńdọ́ọ̀dù ni?

Rárá o. Ọ̀rọ̀ kan náà, “onílé”, ni yóò jẹ́ lédè wa, àmọ́ onílé tiwa máa ń ní ayálégbé nínú. Ti Amẹ́ríkà ni ẹni tó ra ilé tí òun àti ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ ń gbé, tó sì ń san owó rẹ̀ fún báǹkì díẹ̀díẹ̀ fún ogún ọdún tàbí ọgbọ̀n ọdún. Àwọn ọmọ onílé tó ń gba owó ìpìlẹ̀ kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá.

Ta ni John F. Long, kí sì ni Maryvale?

Long jẹ́ ọmọ Arizona tó jagun àgbáyé kejì bọ̀. Ní 1947, ó fi owó tí ìjọba ń yá àwọn sójà kọ́ ilé kan fún òun àti ìyàwó rẹ̀. Kí wọ́n tó gbé ibẹ̀ pẹ́, ẹnì kan ti rà á lọ́wọ́ wọn lérè. Ó kọ́ òmíràn, ìyẹn náà tà, bẹ́ẹ̀ ló ṣe di akọ́lé. Ní àárín àwọn ọdún 1950 ló bẹ̀rẹ̀ Maryvale, orúkọ ìyàwó rẹ̀, Mary, ló sì fi sọ ọ́. Victor Gruen, ẹni tí àwọn ará Amẹ́ríkà mọ̀ mọ́ ilé ìtajà ńlá abẹ́ òrùlé kan, ló pe láti ya àwòrán ìlú náà.

Ọgbọ́n Long ni pé kò kọ́ ilé kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń rán aṣọ fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ti máa ń gé pákó, wọ́n ti máa ń kan igi òrùlé pọ̀, kó tó dé ojúlé. Ikọ̀ kan á da pèpéle kọnkéré, yóò lọ sí ilé tó kàn; ikọ̀ ògiri á tẹ̀ lé e, ti òrùlé á tẹ̀ lé ìyẹn. Ilé ilẹ̀ tí kò ní òkè ni wọ́n jẹ́, iyàrá mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó fi ilé-ìwé, ṣọ́ọ̀bù àti pápá ìṣeré sínú ètò rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Long kú ní 2008.

Kí ló dé tí akọ́lé fi nílò fíìmù? Ṣé ìwé ìròyìn ò tó ni?

Ẹni tó fẹ́ ra ilé náà lè máà tíì dé Phoenix rí. Ní 1950, èèyàn 106,818 ni ìkànìyàn rí nílùú náà. Nígbà tó fi máa di 1960, wọ́n ti di 439,170. Ìlú tó fẹ̀ sí i báyìí gba ilẹ̀ àwọn ìletò àyíká rẹ̀ mọ́ra, ó sì gba àlejò láti ìlú òtútù. Fún ẹni tó ń gbọ́n yìnyín níwájú ilé rẹ̀ ní Chicago, àwòrán onílà nínú ìwé ìròyìn kò lè sọ ohun tí oòrùn àti koríko tútù nínú fíìmù aláwọ̀ lè sọ.

Àwọn nǹkan mẹ́ta ló gbé ọjà náà. Òfin ọdún 1944 jẹ́ kí ẹni tó ti ṣe sójà rí ilé rà láìsan àsansílẹ̀, tàbí kó san díẹ̀. Ẹ̀rọ amúlétutù sọ aṣálẹ̀ di ibi tí èèyàn lè sùn nínú oṣù keje. Òfin ọdún 1956 sì bẹ̀rẹ̀ títì ńlá tó so ìpínlẹ̀ pọ̀ mọ́ ìpínlẹ̀. Long kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́: èsítéètì Levittown ní New York ti kọ́ ilé 17,447 láàárín 1947 sí 1951.

Ṣé ìyà ló lé Keaton dé ìdí ìpolówó ilé?

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà bẹ́ẹ̀, kò sì rí bẹ́ẹ̀. Ìyà wà lóòótọ́, àmọ́ àwọn ọdún 1930 ni: ọtí, ìkọ̀sílẹ̀, iṣẹ́ tó bọ́. Lẹ́yìn 1949, tẹlifíṣọ̀n gbé e dìde. Ní 1956, ilé-iṣẹ́ sinimá Paramount san 50,000 dọ́là fún un láti fi ìtàn ayé rẹ̀ ṣe sinimá, ó sì fi ra ilé sí Woodland Hills, ní California, níbi tó ti ń sin adìẹ, tó sì to ọkọ̀ ojú irin kékeré sí àgbàlá. Ní oṣù kẹrin ọdún 1960 wọ́n fún un ní Oscar ìdánilọ́lá. Ní oṣù kejìlá 1961 ló jáde nínú eré tẹlifíṣọ̀n *The Twilight Zone*. Ẹni tó rí iṣẹ́ ṣe ni, kì í ṣe alágbe.

Ohun kan wà tó yẹ kí ẹ fi sọ́kàn bí ẹ bá ń wo ọ̀gbẹ́ni yìí níwájú ilé títà. Ní 1926, ó kọ́ ilé ńlá kan sí Beverly Hills, nǹkan bí 300,000 dọ́là ló ná an nígbà náà. Ìgbéyàwó rẹ̀ pẹ̀lú Natalie Talmadge tú ká ní 1932, ilé náà sì bá a lọ.

Kí ló kan Keaton kan ilé?

Èyí ni ìbéèrè tó mú kí fíìmù kékeré yìí tọ́ sí wíwò. Nínú sinimá Keaton, ilé kì í ṣe ibi tí ìtàn ti ṣẹlẹ̀ lásán; ilé ni ọ̀tá, ilé ni ẹlẹgbẹ́. Nínú *One Week* (1920), tọkọtaya tuntun gba ilé tí a tò sínú àpótí, àpótí kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, kí wọ́n tò ó gẹ́gẹ́ bí nọ́ńbà ṣe tẹ̀ léra. Ọkùnrin kan tí ìyàwó náà kọ̀ láti fẹ́ wá yí nọ́ńbà orí àpótí padà. Ilé náà jáde ní wíwọ́, ìlẹ̀kùn wà lókè níbi tí àtẹ̀gùn kò dé. Ìjì dé, ilé bẹ̀rẹ̀ sí í yí bí òkòtó. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ni wọ́n tó mọ̀ pé orí ilẹ̀ ẹlòmíràn ni wọ́n kọ́ ọ sí, wọ́n ti ṣi 66 àti 99 mú fún ara wọn: pátákó ló dorí kodò. Wọ́n ń fà á kọjá ojú irin lọ sórí ilẹ̀ tiwọn, ó há síbẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin kan ń bọ̀, wọ́n dijú, ó gba ojú irin ẹ̀gbẹ́ kọjá. Bí wọ́n ṣe mí kanlẹ̀ báyìí ni òmíràn dé láti òdìkejì, tó fọ́ ilé túútúú.

*The Scarecrow* (1920) ní ilé iyàrá kan tí gbogbo nǹkan inú rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ méjì méjì. *The Electric House* (1922) ní ilé tí iná mànàmáná ń ṣe gbogbo iṣẹ́ inú rẹ̀ títí ẹnjiníà kan tó fẹ́ gbẹ̀san fi yí wáyà rẹ̀ padà. Nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n gbìyànjú rẹ̀, àtẹ̀gùn tó ń rìn fúnra rẹ̀ fọ́ ọrùn ẹsẹ̀ Keaton, iṣẹ́ dúró fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ní 1928, nínú *Steamboat Bill, Jr.*, iwájú ilé wó lù ú.

Nítorí náà, ẹni tó ti ń jà pẹ̀lú ilé fún ogójì ọdún ni Long gbé wá kí àwọn èèyàn lè fọkàn tán ilé. Nínú ìpolówó, ilé gbọ́dọ̀ ṣe jẹ́jẹ́: ìlẹ̀kùn kò gbọdọ̀ já, òrùlé kò gbọdọ̀ jò. Tí nǹkan bá máa wọ́, ara Keaton nìkan ló lè wọ́. Gbogbo ìnira eré rẹ̀ nínú irú fíìmù bẹ́ẹ̀ wà níbẹ̀.

Ṣé òótọ́ ni pé fíìmù ìpolówó ló bí *One Week*?

Bẹ́ẹ̀ ni. Ní 1919, ilé-iṣẹ́ Ford ṣe fíìmù kan tó ń kọ́ àwọn èèyàn nípa ilé tí a ti gé igi rẹ̀ sílẹ̀ kó tó dé ojúlé, *Home Made* lorúkọ rẹ̀. Ìgbéyàwó wà nínú rẹ̀, mọ́tò Ford wà nínú rẹ̀, kàlẹ́ńdà tí wọ́n ń fa ewé rẹ̀ ya lójoojúmọ́ náà wà níbẹ̀. Gbogbo ìyẹn ni Keaton kó sínú *One Week*, ó kàn jẹ́ kí ilé náà ya wèrè ni. Ọjà gidi ni irú ilé bẹ́ẹ̀: ilé ìtajà Sears ta ju 70,000 lọ láti 1908 sí 1940.

Ẹ ò rí i pé èsì sí fíìmù ilé títà ni sinimá àkọ́kọ́ tí Keaton gbé jáde ní orúkọ ara rẹ̀. *The Home Owner* mú un padà síbẹ̀, nígbà tó ti lé ní 65 ọdún.

Báwo ni wọ́n ṣe mú ilé yí, tí wọ́n sì mú ilé wó, láìpa á?

Ilé inú *One Week* kì í ṣe àwòrán kékeré. Ilé gidi ni, wọ́n kọ́ ọ sórí pèpéle tó ń yí, ẹ̀rọ ló sì ń yí i. Níbi tí Keaton ti ṣubú láti òkè ilé sílẹ̀, wọ́n ti gbẹ́ kòtò, wọ́n kó koríko gbígbẹ kún un, wọ́n wá fi koríko tútù bò ó lójú. Síbẹ̀ apá rẹ̀ wú.

Ti *Steamboat Bill, Jr.* le jù. Wọ́n fi híńjì sí ìdí ògiri iwájú ilé náà, kó lè ṣubú lójú kan. Fèrèsé òkè ló máa gba orí Keaton kọjá, íǹṣì díẹ̀ péré ló sì kù yí i ká. Ìwọ̀n tọ́ọ̀nù méjì ni wọ́n máa ń sọ fún ògiri náà. Ẹni tó bá bi wá ìdí tí wọn ò fi lo pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ìdáhùn rẹ̀ ni pé ẹ̀rọ atẹ́gùn ńlá ń fẹ́ lójú iṣẹ́: bí ògiri bá fúyẹ́, atẹ́gùn á lọ́ ọ, fèrèsé kò ní í bọ́ síbi tí wọ́n wọ̀n. Ohun tó wúwo ló ń ṣubú lójú kan. Ẹ má dán an wò.

Fìlà pẹlẹbẹ yẹn, ibo ló ti ń rà á?

Kì í rà á, òun ló ń ṣe é. Á mú fìlà Stetson, á gé e kúrú. Á po ṣúgà ṣíbí ìpotíì mẹ́ta tó kún bámúbámú sínú ife omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ kan, á fi rẹ etí fìlà náà lókè àti nísàlẹ̀, á tẹ́ ẹ sórí ibi líle tó tẹ́jú, á sì jẹ́ kó gbẹ. Ṣúgà ló ń mú un le. Bí omi bá kàn án nínú eré, ó ti bàjẹ́ nìyẹn, ìdí rẹ̀ nìyí tó fi máa ń ṣe ọ̀pọ̀ sílẹ̀.

Fíìmù ìpolówó mìíràn wo ló ṣe?

Ó pọ̀. Ní 1952 ó ṣe *Paradise for Buster* fún John Deere, àwọn oníkatakata. Ní 1960 ó ṣe *The Devil to Pay* fún ẹgbẹ́ àwọn alátàpọ̀. Ní 1963 ó ṣe *The Triumph of Lester Snapwell* fún Kodak, láti ta kámẹ́rà Instamatic tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Ìpolówó kéékèèké orí tẹlifíṣọ̀n ò lóǹkà.

Àwọn méjì tí Kánádà ṣe ló dára jù, lójú tiwa. *The Railrodder* (1965), tí Gerald Potterton darí fún àjọ fíìmù ìjọba Kánádà, gbé e ka ọkọ̀ kékeré orí irin láti etíkun ìlà-oòrùn dé etíkun ìwọ̀-oòrùn láìsọ̀rọ̀ kan. *The Scribe* (1966) jẹ́ fún ààbò níbi iṣẹ́ ilé kíkọ́ ní Ontario. Agbálẹ̀ ilé-iṣẹ́ ìròyìn ni, ó sì lọ sáàárín àwọn kọ́lékọ́lé lọ kó ìròyìn. Ìyẹn ni eré ìkẹyìn tó ṣe níwájú kámẹ́rà. Nítorí náà ẹni tó bá ní *The Home Owner* ni ìkẹyìn rẹ̀ ti fi ọdún márùn-ún ṣìṣe.

Níbo ni wọ́n ti ń wo irú fíìmù báyìí?

Gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì, ilé-ìwé, ìpàdé ẹgbẹ́, ọ́fíìsì àwọn tó ń ta ilé, nígbà míì tẹlifíṣọ̀n tí kò rí nǹkan fi dí àlàfo. Onílé-iṣẹ́ á tẹ ẹ̀dà sórí fíìmù mìlímítà 16, á gbé e fún alágbàtà bíi Modern Talking Picture Service, àwọn yẹn á máa yá a fún ẹni tó bá fẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ìdí tí ọ̀pọ̀ fi sọnù náà nìyẹn: nígbà tí ọjà bá tà tán, ẹ̀dà náà di ìdọ̀tí. Rick Prelinger ló kó irú rẹ̀ jọ láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, Ibi Ìkówèésí Ìjọba Àpapọ̀ Amẹ́ríkà sì gba àkójọ rẹ̀ ní 2002.

Mo rí róòlù mìlímítà 16 kan. Kí ni kí n kọ́kọ́ yẹ̀ wò?

Ẹ má tíì fi sẹ́nu ẹ̀rọ. Ẹ gbóòórùn rẹ̀ ná. Bí ó bá ń rùn bí fínígà, fíìmù náà ti ń jẹrà. Ẹ yà á sọ́tọ̀, nítorí òórùn kíkan yẹn lè ran àwọn tó wà nítòsí rẹ̀. Ooru àti ọ̀rinrin ló ń fa á, ibi tútù tó gbẹ ló ń dá a dúró.

Lẹ́yìn náà, ẹ ka àwòrán 100 lórí rẹ̀, ẹ tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán 100 lórí fíìmù tuntun. Bí ó bá fi odindi àwòrán kan kúrú, ó ti sún kì ní ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ihò etí rẹ̀ kò ní í bá eyín ẹ̀rọ mu mọ́, ẹ̀rọ á fà á ya. Ẹni tó ní ẹ̀rọ aláìléyín ni kẹ́ ẹ gbé e fún.

Ihò ní etí kan ṣoṣo máa ń fi hàn pé ohùn wà lórí rẹ̀: ẹ wá ìlà dídán tàbí onígbì ní etí kejì. Ohùn máa ń fi àwòrán 26 ṣáájú àwòrán tirẹ̀, torí náà bí ẹ kò bá fi fíìmù sẹ́nu ẹ̀rọ bó ṣe yẹ, ẹnu àti ohùn ò ní í bára mu. Ní ti gígùn, ẹsẹ̀ bàtà 36 ló ń lọ ní ìṣẹ́jú kan: róòlù 400 jẹ́ ìṣẹ́jú 11, 800 jẹ́ 22.

Kí ló dé tí gbogbo rẹ̀ fi pupa?

Eastmancolor, irú fíìmù aláwọ̀ kan, ni. Nínú aró mẹ́ta tó wà nínú rẹ̀, èyí tó jọ búlúù ló tètè ń kú, á wá ku pupa. Ojú ọ̀run Arizona á dà bí omi zobo. Bí ó bá jẹ́ Kodachrome, irú fíìmù aláwọ̀ mìíràn, ni, ó lè wà lódindi títí di òní. Kọ̀ǹpútà lè fa díẹ̀ padà, àmọ́ aró tó ti kú tán kò sí ohun tí yóò jí i. Ẹ̀dà mìíràn ni kí ẹ wá.

Ta ni irú fíìmù èsítéètì yìí kì í fi hàn?

Àwọn aláwọ̀ dúdú. Láti 1934 ni ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣe onídùúró owó ilé ti ń ka àdúgbò aláwọ̀ dúdú sí ibi tí owó ò ti dájú, ìwé ilé Levittown sì kọ ọ́ ní gbangba pé aláwọ̀ funfun nìkan ló lè gbé ibẹ̀. Ní Phoenix, apá gúúsù ni wọ́n há àwọn aláwọ̀ dúdú àti àwọn ará Mẹ́síkò mọ́. Òfin tó ka ìyàsọ́tọ̀ nínú ilé títà léèwọ̀ kò dé títí di oṣù kẹrin 1968. Bí ẹ bá ń wo fíìmù 1961 tó ń sọ pé gbogbo èèyàn lè di onílé, ẹ bi í pé gbogbo èèyàn wo.

Ṣé mo lè gbé *The Home Owner* sórí íntánẹ́ẹ̀tì, tàbí kí n gé e lò?

Ọdún 1961 bọ́ sábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ Amẹ́ríkà ti 1909. Fíìmù tí wọ́n bá gbé jáde láìkọ àmì © tàbí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí i, kò lẹ́tọ̀ọ́ kankan láti ọjọ́ náà. Èyí tí wọ́n kọ ọ́ sí ní ọdún 28, kí wọ́n sì sọ ọ́ dọ̀tun nínú ọdún kejìdínlọ́gbọ̀n náà. Fún ti 1961, òpin 1989 ni ìlẹ̀kùn tì. Èyí tí wọ́n bá sọ dọ̀tun wà lábẹ́ ẹ̀tọ́ títí di òpin 2056. Ti 1964 sókè ni òfin sọ dọ̀tun fúnra rẹ̀. Ẹ máa fojú wá © ní orí àti ìdí fíìmù, kí ẹ sì wá orúkọ rẹ̀ nínú ìwé àkọsílẹ̀ ọ́fíìsì ẹ̀tọ́ àdàkọ fún 1988 àti 1989.

Ibi tí ẹsẹ̀ ti máa ń yọ̀: yíyá fíìmù fún ẹgbẹ́ àti ṣọ́ọ̀ṣì lè di àríyànjiyàn bóyá ó jẹ́ gbígbé jáde tàbí kò jẹ́. Orin inú rẹ̀ lè ní olówó tirẹ̀. Àwọn tí Kánádà ṣe kò sì sí lábẹ́ ìṣirò yìí rárá.

Kódà bí fíìmù bá bọ́, ojú Keaton kò tíì bọ́. Bí ẹ bá fẹ́ fi àwòrán rẹ̀ ta ọjà ní California, òfin ibẹ̀ dá ẹ̀tọ́ orúkọ àti ojú òkú sí fún ọdún 70 lẹ́yìn ikú. Ó kú ní 1966, nítorí náà ó di 2036.